Bí A Ṣe Ń Pe Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn Lórí Ẹ̀sùn Ọ̀daràn Kí Ọjọ́ Tó Kọjá

Bí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà bá rán èèyàn yín lẹ́wọ̀n, tí ìdájọ́ náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ 90 ni òfin fún un láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa, torí ìṣirò yìí ló ń fi ẹlòmíì sí àhámọ́.

Ẹ má ka ọjọ́ ìdájọ́ mọ́ ọn. Ká ní 10 oṣù Kẹta ni adájọ́ dá ẹjọ́, 11 ni ọjọ́ kìíní. Oṣù Kẹta mú 21, oṣù Kẹrin mú 30, oṣù Karùn-ún mú 31, ó di 82. Ó ku 8: ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni òpin. Ẹni tó ń ka "oṣù mẹ́ta" á dé ní ọjọ́ 10, ilẹ̀ á sì ti ṣú.

Ẹ má dúró de ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀. Bó pẹ́ tó ni o, ọjọ́ kò dúró dè é. Ẹ kọ ìdí kan ṣoṣo sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ ná: pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbe ìdájọ́ náà. Bí ẹ̀dà bá dé, lọ́yà á tọrọ àyè láti fi àwọn ìdí yòókù kún un.

Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà lẹ ó ti fi ìwé sílẹ̀, lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù. Ẹ má gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Erékùṣù Èkó. Orúkọ, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ ìdájọ́ àti iye ọdún ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Bó bá wà ní Kirikiri tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì wo déètì tó wà lára òǹtẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè fi àyè kún un, ṣùgbọ́n ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fa ìdádúró, ìdí ìpẹ̀jọ́ tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. "Kò sówó" nìkan kò tó. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ wá lọ́yà àti ibi tí ẹ wá a dé. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ wà fún ẹni tí kò lówó.

Ìpẹ̀jọ́ kì í ṣe béèlì. Ọ̀tọ̀ lẹ ó ti tọrọ ìyẹn. Bí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà bá tún dá a lẹ́bi, ọjọ́ 30 péré ló wà láti lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.