Bí ẹ ṣe máa wọn ilé Àgùdà kí wọ́n tó wó o

Ilé Àgùdà ni ilé tí wọ́n kọ́ ní àrà ti Brazil, bí àwọn Àgùdà tó ti ibẹ̀ padà wálé ṣe ń kọ́ ọ. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìdílé Fernandez sí gbàgede Tinúbú l'Ékòó, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbára lé orúkọ ilé tó wà nínú ìwé ìjọba. Èyí tó bá ṣì dúró ní àdúgbò Pópó Àgùdà tàbí Campos l'Ékòó, ẹ tètè wọ̀n ọ́n, kí àwòrán rẹ̀ lè wà lórí ìwé bí wọ́n bá tilẹ̀ wó o.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí. Bí ìdí-igi mẹ́ta bá ló ni ilé, ẹ fi tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létí, ẹ sọ fún àwọn ayálégbé náà. Ẹni tó bá ṣàdédé rí téèpù lára ògiri, ohun tí yóò rò ni pé wọ́n ti fẹ́ ta ilé, ìjà sì dé nìyẹn.

Ẹni mẹ́ta ló tó iṣẹ́ yìí: méjì á di téèpù mú, ẹnì kan á máa kọ ọ́. Ẹ mú téèpù mítà 30 àti ti mítà 5, ṣọ́ọ̀kì, tọ́ọ̀ṣì, pẹ́ńsùlù àti rúlà dání. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dáa jù, kí ọjà àti ọkọ̀ tó dí ojú ilé.

Ẹ fi ọwọ́ ya àwòrán ilẹ̀ ilé náà ná, kí ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ tó na téèpù. Bí ẹ bá ń wọn ògiri, ẹ fi orí téèpù sí igun kan, ẹ má sì gbé e kúrò níbẹ̀. Láti igun yẹn ni kí ẹ ti ka ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, títí dé òpin. Bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n ní gígé-gígé tí ẹ wá ń rò ó pọ̀, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ègé mẹ́wàá ti di 10.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn yàrá láti igun dé igun kejì tó dojú kọ ọ́, lọ́nà méjèèjì. Yàrá mítà 4 sí 3 tí igun rẹ̀ gún, mítà 5 géérégé ni yóò jẹ́. Ilé àtijọ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì fo èyí, ògiri kò ní pàdé lórí ìwé. Fún gíga láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ka àtẹ̀gùn: ìgbésẹ̀ 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 17, á fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 306.

Tí ògiri bá jẹ́ alámọ̀, ẹ fi oríkèé ìka kàn án káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń mí i jáde. Bí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi tó ń gba ìpìlẹ̀ gòkè kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Yóò sá sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, amọ̀ á máa yọ́ nínú, ojú ògiri á sì máa dán. Ìtúnṣe yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ilé tó dára, ó sì dùn wá.

Ní ti fọ́tò, ẹ dúró gangan níwájú ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ṣọ́ orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi abẹ ha ọ̀dà níbi kọ́lọ́fín, sẹ̀ǹtímítà 2 péré, kí àwọ̀ àkọ́kọ́ lè yọjú.

Ẹ má fi àgbà ilé sí pálọ̀ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ bá a rìn láti yàrá dé yàrá, kí ẹ máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Mama, ta ló ń sùn níbí?"

Bí wíwó bá ti di dandan, ẹ kọ nọ́ńbà yàrá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kí káfíńtà tó tú wọn, kí nọ́ńbà náà sì bá ti orí ìwé mu.