Ibi Tí Mi Ò Fi Sáńpépà Kàn Lára Ìbọn Ọ̀dà Mi

Nǹkan méjì ló ń ṣe Autococker àlòkù tí mo rà ní Baltimore, ìbọn tí a fi ń yin bọ́ọ̀lù ọ̀dà lura wa nínú eré paintball. Àwọ̀ búlúù ara rẹ̀ ti họ ní gbogbo ibi tí ọwọ́ ti ń gbá a mú. Ìyẹn ò dùn mí tó èkejì: bí mo bá yìn ín, bọ́ọ̀lù kan á lọ bí ẹni tí ogun ń lé, èyí tó tẹ̀ lé e á já sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù ní pápá wa, mo yìn ín nígbà mẹ́wàá. Èyí tó rọra jù sá ẹsẹ̀ bàtà 258 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó yá jù sá 293.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ inú sílíńdà ló ń ti bọ́ọ̀lù ọ̀dà jáde nínú ìbọn yìí. Àwọn tó ń sàmì sí igi inú igbó àti sí màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún ní Amẹ́ríkà, kó tó di pé ọkùnrin méjìlá fi ṣeré nínú igbó kan ní New Hampshire lọ́dún 1981.  Ihò méjì ló wà nínú ara Autococker, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bolt tó ń ti bọ́ọ̀lù wọlé wà nínú ti òkè. Òòlù irin tó ń lu fáàfù wà nínú ti ìsàlẹ̀. Ìkọ́ kékeré kan ló di òòlù náà mú títí ìka á fi fa tírígà.

Kí n tó tú síkúrù kankan, mo yọ sílíńdà, mo sì yìn ín sílẹ̀ títí afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ fi tán. Bàbá mi tún aago ṣe ní Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì, wọ́n á sì to ohun tí wọ́n bá tú sílẹ̀ bó ṣe jáde, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo yọ gbogbo rọ́bà róbótó inú rẹ̀, mo yọ fáàfù tó jẹ́ idẹ, mo yọ gbogbo sípíríǹgì.

Òòlù yẹn ló yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo nù ún tí mo gbé e sábẹ́ iná, mo rí ilà wẹ́wẹ́ tó yí i ká, ojú ibi tí ẹ̀rọ ti gé e nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àti dógùn-ún díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá fi èékánná wọ́ ọ, á máa kọ́ ọ. Ibi tí eré bọ́ọ̀lù ti ń sọnù nìyẹn, torí òòlù tó bá ń ha ara ihò kò lè lu fáàfù bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi kálípà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo de òòlù náà mọ́ ẹnu dírììlì, mo jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́, mo fi sáńpépà 600 tí mo ti rẹ sínú epo fẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan péré mo pa dírììlì, mo nù ún, mo tún wọ̀n ọ́n. 1000 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó. Mi ò fẹ́ kí òòlù kéré rárá. Ṣóńṣó orí àwọn ilà yẹn nìkan ni mò ń wá. Àwọn tó jìn ṣì hàn díẹ̀ nígbà tí mo dúró, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lè máa di epo mú. Brasso ni mo fi parí rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ Boys' Brigade fi ń dán irin bẹ́líìtì wọn. Kálípà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Ìkọ́ tó di òòlù mú ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń fara ha férémù tírígà, ni mo gbé lé sáńpépà 2000 lórí dígí, mo sì fà á bíi ìgbà mẹ́wàá. Etí ẹnu rẹ̀, níbi tó ti gbé òòlù, mi ò fi ohunkóhun kàn án. Bí etí yẹn bá róbótó, òòlù á yọ̀ bọ́, ìbọn á sì yìn láìsí ìka lórí tírígà. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọwọ́ kan ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọjú sí àwọ̀. Kọ́sítíìkì sódà ni mo fi ṣí i, ohun kan náà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti jígí tó bo gbogbo ojú, nítorí bí sódà bá ti pàdé alumíníọ́mù, gáàsì haidirójìn ló ń rú jáde, iná sì lè ràn án. Sódà kì í mọ̀gbà tí àwọ̀ bá tán. Á máa jẹ irin lọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ihò méjèèjì pa pẹ̀lú ìdérí rọ́bà, kí ojú tí òòlù àti bolt ń rìn lórí rẹ̀ má baà fẹ̀. Mo gbàgbé ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń de ohun tó ń dá bọ́ọ̀lù dúró mọ́. Sódà jẹ eyín síkúrù ibẹ̀, ó sì dùn mí gan-an. Téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni mo fi wé e kó tó di mú.

Nígbà tí mo yọ ọ́, dúdú ló bò ó bí èédú. Mo fọ̀ ọ́, mo fi fínígà ṣàn án, ó mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fi ọwọ́ ha ìta rẹ̀, láti 320 dé 1000. Ẹ má ṣe kánjú níbí o, aró kì í bo àpá. Ṣọ́ọ̀bù kan ló bá mi ṣe anodizing rẹ̀. Wọ́n ri í sínú ásíìdì, wọ́n fi iná mànàmáná sí i, ara alumíníọ́mù sì hu awọ líle tó kún fún ihò tíntìntín. Aró wọ inú àwọn ihò náà, omi gbígbóná sì pa wọ́n dé. Búlúù tó dúdú bí àdìrẹ tuntun ni mo ní kí wọ́n fi sí i.

Mo to gbogbo rẹ̀ padà láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, pẹ̀lú rọ́bà tuntun àti epo díẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sá 311, bẹ́ẹ̀ 300 ni òpin tí pápá wa gbà. Sípíríǹgì tó ń ti òòlù, tí mo ti fún le nígbà tí òòlù ṣì ń ha ihò, ti wá le jù. Mo dẹ síkúrù rẹ̀ níwọ̀n ìlàjì yíyí kan, mo tún yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èyí tó rọra jù sá 279, èyí tó yá jù sá 286.