Iṣẹ́ Òòjọ́ Lórí Ilẹ̀ Ẹni, àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ kí Aládùúgbò Gbọ́

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ tirẹ̀ ní ìgbèríko, tí ó ní adìẹ díẹ̀, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn mélòó kan, ọgbà ẹ̀fọ́ àti kànga, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ òun àti ará ilé rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Iṣẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán, nítorí bí a ti ń parí ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú. Síbẹ̀, àdánù tí àìtètèrí máa ń fà lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ọ̀lẹ ń fà lọ: ẹran ti ń ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó mọ̀, tàbí ọgbà ti ya kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Nítorí náà, nǹkan méjì péré ni a óò sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni bí a ṣe ń fi ojú ṣe iṣẹ́ òòjọ́, àti bí ohun tí ojú rí ṣe gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ tí a ń dúró sọ lẹ́bàá ọgbà sí ìfàkókòṣòfò, ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, ara iṣẹ́ ni.

Ìrìn àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí ìrìn àárọ̀ máa gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé adìẹ, láti ibẹ̀ dé ọgbà ẹran, kí ẹ tó yà sídìí kànga. Ẹni tí ó ń gba ọ̀nà kan náà ni ojú rẹ̀ máa ń tètè bá ohun tí ó yí padà: okùn tí ó tú, ipasẹ̀ ẹranko tí kò sí níbẹ̀ lánàá, ilẹ̀ tí ó rin gbindin nígbà tí òjò kò rọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ó ń sin ẹran.

Kí ẹ tó da oúnjẹ sílẹ̀ fún adìẹ, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wò wọ́n, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí. Èyí tí ara rẹ̀ dá yóò sáré wá bá yín. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ bá dìde sókè, tí ó di ojú, tí kò bá ẹgbẹ́ rìn, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀ kí ẹ tó wò, ìjàkadì àwọn tó kù yóò bo aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ kò sì ní rí i títí di ọjọ́ kejì.

Omi ni ó ṣáájú oúnjẹ. Adìẹ tí ó ń yé ẹyin máa ń jẹ nǹkan bíi 110 sí 120 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́, omi tí ó sì ń mu máa ń wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì oúnjẹ náà, èyí tí ó tún máa ń lé sí i gidigidi nígbà ooru. Ẹni tí ó ní ogún adìẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó kéré jù lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá tutù. Bí omi bá wọ́n wọn fún ọjọ́ kan péré, ẹyin lè dínkù fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ máa fi ọwọ́ fọ inú ohun ìmumi wọn dáadáa kí ẹ tó rọ omi tuntun sí i, nítorí ohun tí ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lára rẹ̀ ni ibùgbé kòkòrò àrùn.

Ẹ máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì pèsè ibi ìyé kan fún adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹyin tí ó bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má ṣe ki ẹyin tí ó ṣì gbóná bọ omi tútù, nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ wà lára èèpo rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá sì ti súnkì nínú òtútù, yóò fa ìdọ̀tí ara rẹ̀ wọlé. Ó yẹ kí a tún sọ pé adìẹ kan ń lò tó wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó sì máa ń lé díẹ̀, kí ó tó parí ẹyin kan, ìdí nìyẹn tí àkókò ìyé rẹ̀ fi ń sún síwájú lójoojúmọ́ títí yóò fi fo ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni tó fura sí ajá aládùúgbò, kí ó kọ́kọ́ ka ẹyin ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn

Ẹran wọ̀nyí kì í tètè fi àìsàn wọn hàn, bí ewúrẹ́ bá sì ti dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ọ̀rọ̀ ti jìnnà. Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ènìyàn lè kọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ẹran náà wálẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ẹ sì wo àwọ̀ inú rẹ̀. Bí ó bá pupa dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Bí ó bá ti ṣí, tí ó ń lọ sí funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tán lọ, aràn kan tí ń gbé inú ikùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, ni ó sábà máa ń fa èyí níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti wà. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lákòókò òjò.

Ẹran tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń lọ sí funfun nìkan ni kí ẹ fún ní oògùn aràn. Àwọn kan máa ń fún gbogbo agbo ní oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rò pé ìyẹn ni ìtọ́jú tó péye. Ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ni pé àwọn aràn tí oògùn kò ràn ni yóò ṣẹ́kù, àwọn ni yóò sì máa bí sí i, títí oògùn náà kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Ìdin aràn yìí máa ń gun koríko pẹ̀lú ìrì, ìdí koríko ni ó sì pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹran tó jáde, kí ẹ sì kó wọn kúrò lórí pápá kan kí koríko ibẹ̀ tó kúrú ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ.

Ẹ kọ ọjọ́ tí òbúkọ gun ewúrẹ́ sínú ìwé, nítorí nǹkan bí 150 ọjọ́ lẹ́yìn náà ni yóò bímọ, ó sì yẹ kí ẹnìkan wà nítòsí. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ mu wàrà tí ó kọ́kọ́ jáde lọ́mú ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bí i. Inú wàrà náà ni ohun tí yóò bá a gbógun ti àrùn wà, ìfun ọmọ kò sì ní lè gbà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ kan bá ti kọjá.

Ohun tí ó ń ré kọjá ààlà

Ọgbà lè dá ewúrẹ́ dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti sin ewúrẹ́ rí yóò rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn yìí. Kò sí ọgbà tí ó lè dá àrùn dúró. Àrùn adìẹ tí a ń pè ní Newcastle, tí ó máa ń jẹ́ kí ọrùn adìẹ lọ́, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì di aláwọ̀ ewé, lè tẹ̀lé bàtà, àgò adìẹ tàbí àwo ẹyin láti ilẹ̀ kan dé ìkejì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ara adìẹ ṣì dá ni a ń lò ó, torí náà ọjọ́ tí aládùúgbò bá gbọ́ ni yóò sọ bóyá tirẹ̀ yóò là. Ìtìjú ni ó sábà máa ń pa ẹnu mọ́. Olóhun a máa rò pé wọn yóò ní òun kò mọ ẹran sìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn, báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ mẹ́ta ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ láti àná. Ọrùn wọn lọ́, ìgbẹ́ wọn sì dàbí ewé. Mo ti ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ yà sọ́dọ̀ wa títí n ó fi wá bá yín.”

Iye tí ó kú, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àmì tí a rí, àti ohun tí a ti ṣe wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ti mọ ohun tí yóò ṣe ní tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011 ni àjọ FAO, tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àgbáyé, àti àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìlera ẹran kéde pé àrùn màlúù tí a ń pè ní rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, ara ohun tí ó sì jẹ́ kí wọ́n rí ibi ìkẹyìn tí ó fara pamọ́ sí ni pé àwọn dókítà ẹran jókòó ti àwọn darandaran, wọ́n sì fetí sí ohun tí wọ́n rí lára ẹran wọn.

Ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, ẹ dá a yà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, òun sì ni kí ẹ máa tọ́jú gbẹ̀yìn lójoojúmọ́.

Kànga pẹ̀lú kì í mọ ààlà. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé ìgbẹ́ àti ààtàn tó ọgbọ̀n mítà, kí ẹ sì rántí pé ààtàn aládùúgbò wà nínú ìṣirò yìí. Kí ẹ tó gbẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ jọ rìn dé ibẹ̀, kí ẹ jọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná sísun: ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí fún gbogbo ẹni tí ó yí yín ká, ẹ má dá a lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí eérú yóò fi tutù lábẹ́ ọwọ́. Irinṣẹ́ tí ẹ bá yá, ẹ fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà, nítorí èso èpò wà nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ ka adìẹ bí wọ́n ti ń wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì wo ìdí ògiri fún ihò, nítorí ọmọ eku lè gba inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ wọlé.

Bí ọkà bá wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó pamọ́, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da ọkà lé e títí dé nǹkan bí ìdajì, ẹ dé e, kí ẹ sì mì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà náà ju ìdá 15 nínú 100 lọ, yóò sì bu bí ẹ bá kó o sínú àpò. Ẹ tún sá a.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta sínú ìwé: iye ẹyin, ẹran tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ń lọ sí funfun, òjò tí ó rọ̀. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan, nítorí náà òjò mìlímítà mẹ́wàá lórí òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó, jẹ́ ẹgbẹ̀rún lítà, bí ohun tí a fi ń gbe omi bá tó.

Ohun kan ṣẹ́kù tí a kì í sábà ṣe títí ọjọ́ àìsàn yóò fi dé. Ẹ mú aládùúgbò yín rin ìrìn àárọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, kí ó rí ibi tí oúnjẹ adìẹ wà, ewúrẹ́ tí ó máa ń kan ènìyàn, àti bí a ṣe ń gbé ilẹ̀kùn ọgbà sókè díẹ̀ kí ó tó ṣí. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀yin náà bá a rin tirẹ̀.