Okùn Mẹ́ta Tó Já Kí Rákẹ́ẹ̀tì Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Bá Mi Lọ́wọ́ Mu

Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá péré, okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo ra ní àlòkù já lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo san owó okùn tuntun pẹ̀lú owó iṣẹ́ ẹni tó fi í sí i, títí àpapọ̀ rẹ̀ fi kọjá iye tí mo ra rákẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí pé ohun tó fa gbogbo rẹ̀ kò ju ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti sán lọ, èmi àti oníṣẹ́ okùn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe pé mo ṣàdédé lọ ra àlòkù. Ọdún méjì ni mo fi lo rákẹ́ẹ̀tì tí férémù rẹ̀ nípọn, mìlímítà 26 níbi tó nípọn jù, nítorí pé ẹni tó tà á fún mi sọ pé yóò mú eré náà rọrùn. Ó rọrùn lóòótọ́ láti fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n, ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí kò sí ní ìkáwọ́ mi rárá. Bí mo bá ju apá mi bó ti yẹ, bọ́ọ̀lù á kọjá ìlà ẹ̀yìn; bí mo bá sì fawọ́ sẹ́yìn kí ó má baà jáde, á rọra balẹ̀ sí àárín pápá, ẹni tí a jọ ń gbá á á sì fi gba àmì ayò. Mo ní kí wọ́n fa okùn rẹ̀ le sí i, láti pọ́n-ùn 52 dé 60, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fa okùn. Bọ́ọ̀lù ṣì ń jáde, ìgbọ̀nwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lára okùn ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Férémù tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bà á, bọ́ọ̀lù á sì ti fò lọ kí ó tó tọ́ padà, nítorí náà èyí tó pọ̀ nínú agbára tó wọnú títẹ̀ yẹn kì í padà sára bọ́ọ̀lù. Férémù tó nípọn kì í fẹ́ẹ́ tẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń sọnù lára tirẹ̀. Àwọn kan ka títẹ̀ yẹn sí àléébù, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun gan-an ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà ní ìkáwọ́ ẹni, torí pé apá mi ni eré tí bọ́ọ̀lù ń sá ti wá, mo sì mọ ibi tí agbára apá mi mọ. Láti 1987, nígbà tí Wilson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì, gbé rákẹ́ẹ̀tì Profile jáde, ni férémù tó nípọn ti ń gba ọjà, síbẹ̀ Pete Sampras, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbátẹníìsì, kò fi rákẹ́ẹ̀tì Pro Staff onímìlímítà 17 sílẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀, ibi tí okùn wà, kò ju square inch 85 lọ, òun ló sì fi gba gbogbo ìdíje ńlá Grand Slam 14 tó gbà. Nígbà tí agbátẹníìsì mìíràn, Roger Federer, pàápàá kúrò lórí ojú 90 bọ́ sí 97 ní 2014, férémù tuntun náà kò ju mìlímítà 21.5 lọ.

Bí mo ṣe rí àlòkù tẹ́ẹ́rẹ́ tèmi kò gba àlàyé púpọ̀: mìlímítà 18, ojú 95, gíráàmù 330 láìsí okùn. Mo wò ó bóyá férémù rẹ̀ ti sán níbì kan, mo di ìdìmú rẹ̀ mú, mo sì sanwó.

Okùn àkọ́kọ́ já ní ọjọ́ kejì. Oníṣẹ́ okùn ní okùn náà ló ti gbó nínú àpò, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìkejì já, ó ní mo ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò lójú àárín, mo sì tún gbà, nítorí pé ojú rákẹ́ẹ̀tì tuntun kéré sí ti àtijọ́. Ìkẹta já nínú àpò mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbá ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo tó fi òye gbé e pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti já, lókè, ní ẹ̀gbẹ́ férémù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín tí okùn ti ń ha ara wọn ni ó yẹ kí wọ́n ti já.

Mo tan iná sí ihò náà. Ike oníhò tó yí etí férémù ká, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní grommet, ti gbẹ ó sì ti sán, etí ihò férémù tó mú bí abẹ ló sì ń gé okùn. Mo ní kí a kàn pààrọ̀ ike. Wọ́n ní wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ta ọ̀kan fún mi pẹ̀lú ìdánilójú pé yóò bá a mu. Nígbà tó dé, okùn òòró 16 ni ihò rẹ̀ wà fún, 18 sì ni tèmi. Kò gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wá èyí tó tọ́, rákẹ́ẹ̀tì mi sì wà lára ògiri ní gbogbo àkókò náà, láìní okùn.

Nígbà tó dé, èmi fúnra mi ni mo fi sí i. Mo gé orí ike àtijọ́, mo tì í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi omi gbígbóná rọ tuntun kí ó lè tẹ̀ bí orí férémù ṣe tẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí ihò kan tó ṣẹ́.

Pọ́n-ùn 50 ni mo fa okùn rẹ̀ dé, ìgbọ̀nwọ́ mi sì tù mí. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọ̀n kí ó tó kanlẹ̀, ọwọ́ mi ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ba àárín tàbí kò bà á, ìmọ̀lára tí férémù tó nípọn kò fún mi rí fún odidi ọdún méjì. Ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó gbé apá yóò jìyà rẹ̀ ṣá, nítorí pé rákẹ́ẹ̀tì yìí kò ní bá a sáré. Mo lẹ gíráàmù méjì òjé mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí orí rẹ̀ má baà máa yí mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo bá tún máa ra àlòkù, ìka mi yóò kọ́kọ́ kan etí ihò kọ̀ọ̀kan lókè kí n tó sanwó, màá béèrè bóyá ike rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, màá sì fi okùn náílọ́ọ̀nù tó pọ́ọ́kú jù dán an wò. Okùn tí mo fi sí i lẹ́yìn àtúnṣe lo ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tó já, àárín gan-an ló ti já.