Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ̀ fún Ìjọba Tó Fẹ́ Sọ Ara Ẹ̀ Di Bàbá Yín

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dun èmi fúnra mi. Mo lọ gba ìwé kan ní ọ̀fíìsì ìjọba nígbà kan, ọmọ ọdún 36 ni mí nígbà yẹn, mo ti bímọ méjì, mo ń san owó orí mi bó ṣe yẹ, akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní mi ò lè gba ìwé yẹn àfi tí mo bá mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ọkọ mi pé òun fọwọ́ sí i. Inú bí mi débi pé ètè mi ń gbọ̀n, mo pariwo, gbogbo ọ̀fíìsì yíjú wò mí, mo sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò pariwo rárá, ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi kọ nọ́ńbà ẹ̀ sórí ìwé yìí kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú." Ó wọlé lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, nígbà tó jáde ó kàn lu òǹtẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù mi, kò sọ nǹkan kan. Òfin ọ̀hún ò sí níbì kankan. Ẹnu lásán ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, tori ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, ká tẹ́rí gbà tàbí ká fìjà pẹẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ lọ jàra, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n rìn ti gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ ìjọba tó lágbára jù wọ́n lọ.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ sì dá a lóhùn láìtan ara yín jẹ: tí mo bá ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe yìí, ta ló máa fara gbá a? Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ara mi, owó mi, àkókò mi, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì tí ò mọwọ́ tí ò mọsẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀, ọ̀rọ̀ míì pátápátá nìyẹn, ẹ má sì wá pe ìyẹn ní òmìnira lójú mi. Òfin tó ní kéèyàn má mutí yó wakọ̀ kì í ṣe ti ìjọba tó ń ṣe bíi bàbá, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń dáàbò bò. Èyí tó ń ṣe bíi bàbá ni èyí tó ń sọ fún àgbàlagbà pé mo mọ ohun tó dáa fún ẹ jù ẹ́ lọ, tó ò bá sì ṣe é màá fìyà jẹ ẹ́, tìtorí ẹ ni mo ṣe ń nà ẹ́. Ọmọdé yàtọ̀ o, àwọn ọmọdé nílò bàbá lóòótọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1920 sí 1933, wọ́n fòfin de ṣíṣe ọtí àti títa á káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ní ire aráàlú làwọn ń wá. Ìjọba kan náà ló wá ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa da májèlé sí ọtí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò kí ẹnikẹ́ni má bàa lè mu ún, wọ́n mọ̀ dájú pé àwọn èèyàn ń jí i gbé lọ ṣe ọtí mímu, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n tún fi kún májèlé ọ̀hún, àwọn èèyàn mu ún wọ́n sì kú. Ibi tí ìfẹ́ bàbá máa ń dé nìyẹn tí kò bá sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn, ó sì lágbára, ẹ má fojú di í: "Tó o bá ṣàìsàn, owó gbogbo wa la máa fi tọ́jú ẹ." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Èrò mi ni pé tí a bá gbà á láìsí ààlà, kò sí nǹkan tí ìjọba ò ní lè tọwọ́ bọ̀ láyé yín mọ́, oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ, wákàtí tẹ́ ẹ sùn, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́, tori gbogbo ẹ̀ ló ń ná ẹnì kan lówó lọ́nà kan ṣáá. Nítorí náà tí wọ́n bá gbé e síwájú yín, ẹ ní kí wọ́n sọ iye owó ọ̀hún gan an, kí wọ́n mú ẹ̀rí ẹ̀ jáde, kí wọ́n sì sọ ìdí tí ìkìlọ̀ lásán tàbí àlàyé ò fi lè ṣe é tó fi jẹ́ pé ìyà ló kù. Nígbà míì ẹ máa rí i pé wọ́n ní èsì tó dáa. Tí wọ́n bá ní i, ẹ gbà, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá ku kẹ́ ẹ mọ bí àṣẹ ọ̀hún ṣe wúwo tó. Nǹkan mẹ́rin ni gbogbo wa máa ń kó pọ̀ pè ní "òfin", wọn ò sì dọ́gba rárá: òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe lábẹ́ òfin yẹn, ìwé tí ọ̀gá ọ̀fíìsì kan fi ṣọwọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó dúró níwájú yín. Ó máa yà yín lẹ́nu bí èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pọ̀ tó. Kódà ìkejì máa ń wó lulẹ̀ dáadáa tẹ́nì kan bá tì í. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ ìlera ìlú New York ṣe ìlànà pé ilé oúnjẹ àti ilé sinimá ò gbọ́dọ̀ ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò onísúgà nínú ife tó ju áúǹsì 16 lọ, ìyẹn bí ìdajì lítà. Àwọn tó ń ta á gbé e lọ kóòtù. Ó ku ọ̀la kí ìlànà yẹn bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta 2013, adájọ́ dá a dúró, nígbà tó sì di 2014 kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yẹn fọwọ́ sí i pé kó wó. Ẹ fetí sí ìdí ẹ̀ dáadáa. Kóòtù ò sọ pé súgà dáa o, wọ́n kàn sọ pé ìgbìmọ̀ ìlera ti kọjá àyè ẹ̀ ni, pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin ló ni ín. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí bóyá àṣẹ kan dáa tàbí kò dáa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó pa á lágbára láti pa á.

Ẹ béèrè nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba, Sweden ti ṣe tiẹ̀ láti 1766, nítorí náà ẹ wá èyí tó wà níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Lẹ́tà yín ò ní láti gùn. Lọ́dún 1984 àwọn onímọ̀ òfin pàdé ní Siracusa ní Ítálì, wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀ lórí ìgbà tí ìjọba lè dín ẹ̀tọ́ èèyàn kù, ibẹ̀ ni mo ti yọ àwọn ìbéèrè tí mo máa ń kọ: òfin wo lẹ dúró lé? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan an? Ṣé ọ̀nà míì tí ò le tó báyìí ò sí? Ìgbà wo ló máa parí? Ọ̀dọ̀ ta ni mo lè gbé ẹ̀sùn mi lọ? Ẹ kọ déètì sí i, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí kọ́pì tiyín, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ kọ òmíràn kẹ́ ẹ sì mẹ́nu ba ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó ń súni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì yìí ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Nígbà míì kì í ṣe kí òfin kú lẹ̀ ń wá, kó yọwọ́ lọ́rùn yín ló kù. Ní 1973 ìjọba Bírítéènì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní láwàní làwọn ń wé, àwọn ò ní tú u, wọ́n ń gùn ún bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sanwó ìtanràn, àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n, wọn ò sì yéé yọ àwọn aṣòfin lẹ́nu. Nígbà tó di 1976 ilé ìgbìmọ̀ ṣòfin tó yọ àwọn tó wé láwàní sílẹ̀. Tí ohun tẹ́ ẹ ní bá ṣe pàtàkì sí yín débẹ̀, ẹ béèrè pé kí wọ́n yọ yín sílẹ̀, ìyẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n rí yín bí ẹni tó fẹ́ tú ìlú ká.

Tó bá wá di ti kóòtù, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, kóòtù ò ní gbọ́ ẹjọ́ yín tí òfin ọ̀hún ò bá tíì pa yín lára. Connecticut ní Amẹ́ríkà ní òfin kan láti 1879 tó ní kí ẹnikẹ́ni má lo nǹkan ìdènà oyún, títí kan tọkọtaya nínú yàrá ara wọn! Wọ́n gbé e lọ kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1961 àwọn adájọ́ da ẹjọ́ ọ̀hún nù, wọ́n ní wọn ò fi òfin yẹn mú ẹnikẹ́ni kí ló wá dé. Estelle Griswold, tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí níbẹ̀, àti dókítà kan, C. Lee Buxton, wá ṣí kílíníkì ní gbangba ní ìlú New Haven ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ń fún àwọn tọkọtaya ní nǹkan ìdènà oyún, wọ́n mọ̀ pé wọ́n máa mú àwọn, ohun tí wọ́n fẹ́ gan an nìyẹn. Wọ́n mú wọn, wọ́n bu ọgọ́rùn-ún dọ́là lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn náà gbé owó ìtanràn yẹn gun òkè dé kóòtù tó ga jù, ní 1965 adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní òfin yẹn gbọ́dọ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan an, tori wọn ò sá, wọn ò farapamọ́, wọ́n yan ọjọ́ àti ibi tí wọ́n fẹ́ kí òfin ti bá wọn.

Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀ ní gbangba, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyà tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fi jẹ yín, kẹ́ ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè gbé e. Ta ló máa mú àwọn ọmọ láti iléèwé tẹ́ ẹ ò bá wálé? Ṣé owó ìtanràn wà nílẹ̀? Ẹ sọ fún èèyàn méjì ó kéré tán ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà lọ́yà sí ibi tí kì í ṣe inú fóònù, tori wọ́n lè gba fóònù. Ẹ má parọ́, ẹ má sá, ẹ má fọwọ́ kan ọlọ́pàá. Ẹ sọ orúkọ yín tó bá jẹ́ dandan lábẹ́ òfin, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ní "mi ò ní sọ nǹkan kan tí lọ́yà mi ò bá sí níbí", kẹ́ ẹ pa ẹnu dé, tori ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Gandhi, tó ṣáájú ìjà òmìnira ní Íńdíà, kọ lẹ́tà sí aṣojú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní 2 March 1930, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi òkun lọ mú iyọ̀ tí òfin ní aráàlú ò gbọ́dọ̀ mú fúnra wọn. Ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀, wọn ò lè pè é ní olè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn lọ tí a ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́ ni ẹ̀ ń gbé, ẹ jọ̀ọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dá dúró ní gbangba, ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ tó ti mọ ọ̀nà kẹ́ ẹ tẹ̀ lé wọn.

Ẹ má sì rò pé àfi tẹ́ ẹ bá jàre ní kóòtù. Ní 7 December 1950 ọlọ́pàá kan dá Clarence Willcock dúró nínú ọkọ̀ ẹ̀ ní London, ó ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ wá. Torí ogun ni wọ́n ṣe gbé káàdì yẹn jáde ní 1939, ogun ti parí láti 1945, síbẹ̀ wọn ò tíì gbà á padà. Willcock kọ̀. Wọ́n ní ó jẹ̀bi, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní 1951, ṣùgbọ́n adájọ́ àgbà tó dá ẹjọ́ yẹn bá ọlọ́pàá wí níbẹ̀, ó ní lílo òfin ogun báyìí máa ń sọ ọmọlúàbí di arúfin. Aráàlú gbọ́. Oṣù kejì 1952, ìjọba pa káàdì yẹn tì.

Ẹ má wá da fáìlì yín nù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jàre o. Ní 2006 ilé ìgbìmọ̀ Bírítéènì tún ṣe òfin káàdì ìdánimọ̀ míì, àwọn aráàlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọ́n fagi lé e ní 2010, nígbà tó di 2011 wọ́n run gbogbo orúkọ tí wọ́n ti kó jọ. Nítorí náà ẹ fi fáìlì yín síbi tí omi ò ní dé, kẹ́ ẹ sọ ibi tó wà fún ẹnì kan tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí.