Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìlú Ọba: ètò iṣẹ́ fún ẹni tó ń lọ gboyè másítà tàbí PhD

Ẹni tó bá ti Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lọ gba oyè másítà ní Ìlú Ọba sábà máa ń rò pé ká kàwé tán ná, ká tó máa wáṣẹ́. Bó ṣe ń lọ nílé nìyẹn: ìdánwò àṣekágbá, ìwé ẹ̀rí, àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́. Lọ́hùn-ún, kàlẹ́ńdà àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń ṣíwájú ti yunifásítì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ṣí fọ́ọ̀mù fún àwọn tó fẹ́ gboyè jáde láti nǹkan bí oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ sì máa ń tì í kí ọdún tó parí, fún iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Másítà tí à ń sọ yìí, ọdún kan péré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gúnlẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìkàwé dáadáa tí fọ́ọ̀mù ti ń tì. Bó bá di oṣù kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, àyè tó ṣẹ́ kù àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló máa bá. Kò burú, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ pé àìmọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ká ti ka ètò yìí bọ̀. Ọjọ́ tí físà máa parí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ títí dé ọjọ́ òní tí ẹ ṣì wà nílé.

Ọjọ́ tí físà máa parí

Kọ́ọ̀sì tó bá tó oṣù 12 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fún yín ní oṣù 4 lórí físà Student lẹ́yìn tó bá parí. Èyí tó tó oṣù 6 ṣùgbọ́n tí kò tó 12, oṣù 2 ni. Kí físà yẹn tó tán lẹ ti máa béèrè Graduate visa, tó ń jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ láìsí onígbọ̀wọ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó dúró fún un lórí físà. Ọdún 2 ni ti oní-másítà, ọdún 3 ni ti PhD. Àmọ́ oní-másítà tó bá fi ìbéèrè sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027 lọ, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Ti PhD kò yí padà. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tí ẹ wọ̀lú.

Kí ẹ tó lè béèrè, yunifásítì gbọ́dọ̀ ti sọ fún Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà, pé ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì yín yọrí. Ẹ kò ní láti dúró de sáfíkéètì tàbí ayẹyẹ ìgboyè. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ti ẹni tó tọrọ àfikún àkókò lórí dísẹtéṣọ̀n, ìyẹn ìwé ìwádìí àṣekágbá, tàbí ẹni tó ní ìdánwò kan láti tún ṣe: èsì rẹ̀ á pẹ́ dé, físà lè tán kí èsì tó jáde. Kí ẹ tó tọrọ àfikún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ èsì máa jókòó. Ìlú Ọba náà lẹ gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹ bá ń béèrè. Bí ẹ bá wá sí Nàìjíríà kí ìdáhùn tó dé, wọ́n á kà á sí pé ẹ ti jáwọ́. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá, kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì Iléṣà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ wá olùkọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ yín, kì í ṣe olùkọ́ méjì tó lókìkí. Ẹ gba ímeèlì yunifásítì wọn, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún kì í gba Gmail tàbí Yahoo lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí. Ẹ sọ fún wọn pé lẹ́tà ìbéèrè lè dé nígbàkigbà láàárín ọdún kan sí i, kí ẹ sì fún wọn ní ojú ewé kan tó sọ ohun tí ẹ ṣe lábẹ́ wọn. Wọ́n ń bójú tó ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò ní rántí àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì yín. Ẹni tó ń fojú sí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìlera, kó gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá nílé, torí àtigbà á láti òkèèrè le díẹ̀.

CV wá ńkọ́? Èyí tí a ń kọ n'Ífẹ̀ máa ń kún fún ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá a ti gbéyàwó tàbí a ò tíì gbé, nígbà míì fọ́tò. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Òfin wọn, Equality Act ọdún 2010, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ torí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó yan ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ, wọn ò sì fẹ́ rí i rárá. Ojú ewé méjì ti tó. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò níṣẹ́ níbẹ̀. CGPA yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, bíi 4.2 nínú 5.0, kí ẹ sì kọ Second Class Upper sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí 2:1, bí wọ́n ṣe ń pe Second Class Upper, ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń béèrè, kọ̀ǹpútà ló sì máa ń kọ́kọ́ sẹ́ wọn.

Ibi tí CV àwa ti máa ń kùnà jù ni pé orúkọ ipò la máa ń kọ, a kì í kọ iṣẹ́. “NYSC, Iléṣà, olùkọ́ Kẹ́mísírì” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ wo èyí wò: “Kọ́ kíláàsì SS2 mẹ́ta ní Kẹ́mísírì fún oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí kò sí kẹ́míkà, mo ṣètò práktíkà ásíìdì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ tí olùkọ́ méjì mìíràn ń lò ó.” Ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Bákan náà ni ìbéèrè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe ń lọ, nítorí náà ẹni tó bá ti kọ gbólóhùn mẹ́fà bẹ́ẹ̀ nílé ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ dé, ẹ gba àyè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Careers ti yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ka CV, wọ́n á sì fi ìbéèrè dán yín wò bí ẹni pé àwọn ni agbanisíṣẹ́. Àwọn ọmọ wa kì í sábà lọ títí á fi pẹ́ jù.

Ètò tí ẹ máa kọ, pàápàá ẹ̀yin tó ń ṣe PhD

Láti ìgbà tí Gareth Roberts ti kọ ìròyìn rẹ̀ fún ìjọba ní 2002 ni wọ́n ti gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe PhD máa rí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ju ìwádìí rẹ̀ lọ. Ní 2010, Vitae, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn olùwádìí, tẹ ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ yunifásítì mú lò: ìpín 4, ẹ̀ka 12, ohun 63 tó yẹ kí olùwádìí mọ̀. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù kan fún yín nínú oṣù àkọ́kọ́ pé kí ẹ díwọ̀n ara yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta, ó pọ̀ tán mẹ́rin, kí ẹ kọ wọ́n lọ́nà tí ẹlòmíì lè fi mọ̀ bóyá ẹ ṣe é. “Mo fẹ́ mọ R dáadáa” (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà ni R) kò ní parí láé. “Kí oṣù kejì tó tán, kí n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ R ti yunifásítì, kí n fi dátà ara mi ya gíráàfù méjì, kí n sì fi han súpáfáísọ̀” ní ọjọ́, ó ní ẹlẹ́rìí.

N'Ífẹ̀, ọ̀gá ló ń ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pe ìpàdé. Òun ló ń fi kókó ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, òun náà ló ń kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, tó sì ń fi í ránṣẹ́ padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó bá jókòó pé “ọ̀gá kò tíì pè mí” lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí súpáfáísọ̀ sì rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Wọn ò ní pè é ní ìbọ̀wọ̀ fágbà. Nígbà tí àyẹ̀wò ọdún kìíní bá dé, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ìwé àwọn ìpàdé yẹn ni ẹ̀rí yín. Ní ti orúkọ, “Dr” tàbí “Professor” pẹ̀lú orúkọ ìdílé ló dáa títí wọ́n á fi ní kí ẹ máa pe orúkọ àbísọ àwọn. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ pè é. A mọ̀ pé ẹnu á kọ́kọ́ wúwo.

Àyè tó wà, tí a kì í mú

Bí ẹ̀ka yín bá fún yín ní kíláàsì láti kọ́, ẹ béèrè nípa Associate Fellowship ti Advance HE. Ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí àwọn yunifásítì ibẹ̀ mọ̀ ni, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ padà wá ṣe léṣọ́rà. Ẹ̀rí ló ń fẹ́, nítorí náà láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa tọ́jú ètò ẹ̀kọ́ àti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa yín.

Three Minute Thesis, tó bẹ̀rẹ̀ ní University of Queensland ní 2008, ń fún yín ní ìṣẹ́jú 3 àti àwòrán kan ṣoṣo láti ṣàlàyé ìwádìí yín. Ẹ wọ̀ ọ́ kódà bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 3 yẹn lẹ máa tún lò nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ńkọ́, bíi Royal Society of Chemistry tàbí Institute of Physics? Owó ọmọ ẹgbẹ́ kéré fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ owó ìrìnàjò àpérò sì wà tó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹ wọlé kí ẹ tó nílò owó náà.

Bí ẹ bá kọ̀wé sí ẹnì kan, tí kò fèsì, ẹ lo ọgbọ́n òṣómàáló àwọn ará Ìjẹ̀ṣà: ẹ má bínú, ẹ má sì lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún kọ gbólóhùn méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ti ìkẹyìn.

Wákàtí 20

Iṣẹ́ àfiṣe-ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, láti ọjọ́ Mọ́ńdè sí ọjọ́ Sọ́ńdè. Kì í ṣe ìpíndọ́gba o. Ṣíìfù iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, sábà máa ń jẹ́ wákàtí 12. Méjì lọ́sẹ̀ ti di 24, òfin ti fọ́ nìyẹn, bí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá tilẹ̀ ṣófo. Oní-másítà tó ń kọ dísẹtéṣọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó kò sí lórí ìsinmi. 20 ṣì ni. Ti PhD náà rí bẹ́ẹ̀, àfi lásìkò ìsinmi tí yunifásítì fọwọ́ sí. Físà yìí kò sì gba kéèyàn dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe: kò sí kọ́ńtíráàtì aládàáni, kò sí títa ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Onígbọ̀wọ́

Home Office máa ń gbé àkójọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ òkèèrè sórí gov.uk, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó lo alẹ́ mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta CoS (Certificate of Sponsorship, ìwé ìgbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ láti fi béèrè físà) fún yín, gbájú-ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ bíi tiyín.

Owó oṣù tó kéré jù fún Skilled Worker, físà iṣẹ́ tó nílò onígbọ̀wọ́, ti di £41,700 lọ́dún láti oṣù keje 2025, tàbí iye tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ti físà Student tàbí Graduate bọ́ síbẹ̀ lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun pẹ̀lú £33,400, bí iye iṣẹ́ náà bá gbà á. Àmọ́ ọdún 4 péré ni àǹfààní ẹni tuntun yìí, wọ́n sì máa ń ka àkókò tí ẹ fi wà lórí Graduate visa mọ́ ọn. Kí ilé-iṣẹ́ wà lórí àkójọ kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n á ṣe onígbọ̀wọ́ fún ipò tí ẹ ń wá. Ẹ bi ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ wọn tààrà lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́, kó tó di pé wọ́n pè yín sí ìkejì.