Yiddish tí mo kọ́ nínú ìwé kò bá ti màmá tí mò ń tọ́jú mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Màmá àgbà kan tó jẹ́ Júù ni mò ń tọ́jú ní Stamford Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù. Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, ni wọ́n ń sọ nílé. Ìwé mi ní "gut morgn" ni wọ́n fi ń kíni láàárọ̀, "vos" sì ni "kí ni". Màmá ń sọ "git morgn" àti "vus". Ṣé ìwé mi ni kò dáa?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe ìwé rẹ, àbúrò mi. Ohùn inú ìwé sún mọ́ ti àwọn Júù Lithuania. Ìlànà àkọtọ́ inú ìwé náà, ti YIVO ni, àjọ ìwádìí èdè Yiddish tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vilna (Vilnius ní Lithuania lónìí) ní 1925, tó ti wà ní New York báyìí. Ṣùgbọ́n Poland àti Hungary ni àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ Hasidim, àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin, ní Stamford Hill ti wá. Lẹ́nu tiwọn, "u" a máa di "i", "o" a sì máa di "u" nígbà mìíràn. Ṣebí ọmọ Èkìtì náà ń pe ilé ní "ulé", Yorùbá sì ni. Ti màmá ni kí o máa sọ, torí òun lò ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kí ọ ní "git morgn", dá wọn lóhùn pé "a git yur", ọdún rere ni ìyẹn.

Jọ̀wọ́, má fi "du" pe màmá o! "Ìwọ" ni. "Ir" ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà: "Vus makht ir?", ṣé dáadáa lẹ wà?

Ìbéèrè: Mo ti mọ lẹ́tà wọn, mo sì ń kà á láti ọ̀tún sí òsì. Mo ka מאַמע, "mame", wẹ́rẹ́. Àfi bí mo ṣe rí שבת, mo ka "shbs", wọ́n ní "shabes" ni.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Hébérù nìyẹn. Èdè Jámánì, Hébérù àti Slav (bíi ti Poland) ló pọ̀ di Yiddish. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì tàbí Slav wá, wọ́n ń kọ fáwẹ̀lì rẹ̀ síta: ע ni "e", אַ ni "a", אָ ni "o". Má fojú fo àmì abẹ́ wọn, bí o kò ṣe ní fojú fo ti "ọ". Àwọn ọ̀rọ̀ Hébérù ní tiwọn ṣì ń wọ aṣọ Hébérù, wọn kì í sábà kọ fáwẹ̀lì wọn. Má fọ́ wọn sí lẹ́tà, fojú mọ̀ wọ́n lódindi bí a ṣe ń mọ ojú èèyàn: אמת, "emes", òtítọ́, משפּחה, "mishpokhe", ẹbí. Ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún wọn.

Ìbéèrè: Mo bi màmá níbi tí "vayn", ìyẹn wáìnì, wà. Wọ́n kàn ń sọ pé "fayn, fayn".

Ìdáhùn: "F" lo pè, torí Yorùbá kò ní "v". "Fayn" ni "ó dára". Fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bíi ti "f", kí o wá jẹ́ kí ọ̀fun rẹ máa kùn. Gbé ìka lé ọ̀fun, wàá gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "s" ṣe ń di "z". Ṣùgbọ́n "n" tó dá dúró nínú "morgn" àti "redn" (sọ̀rọ̀) kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, torí a ti ní i nínú "mò ń lọ".